Omi Tí Ń Jò Lára Ẹ̀rọ Espresso Àlòkù: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Ń Dí I

Espresso ni orúkọ tí àwọn ará Ítálì fún kọfí tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá, tí iṣẹ́ náà kì í sì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30 lọ. Ìfúnpá, ìyẹn ipá tí omi tàbí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ibì kan fi ń ti ara ibi tí a há a mọ́, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń ṣe irú kọfí bẹ́ẹ̀, òun kan náà ni ó sì ń mú kí omi máa wá ọ̀nà àbáyọ lára ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá ti gbó. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ espresso àlòkù, tí ó sì bá omi lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kánjú sọ pé ẹ̀rọ náà ti kú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kánjú tú u palẹ̀. Ibi tí omi ti ń jáde àti àkókò tí ó ń jáde ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wádìí, nítorí pé àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí ohun tí ó fa jíjò náà.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kọfí. Ní ọdún 1884, Angelo Moriondo, ọmọ ìlú Turin, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ kan tí ń fi ooru omi ṣe kọfí, nígbà tí ó sì di ọdún 1901, Luigi Bezzera ti ìlú Milan gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìfúnpá inú irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ju nǹkan bíi bar 1.5 sí bar 2 lọ. Bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n ìfúnpá, bar kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ inú ayé fi ń tẹ gbogbo ohun tí ó wà létí òkun. Achille Gaggia ni ó yí ọ̀rọ̀ padà: ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1938, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sì gbé ẹ̀rọ tí ó ní ọ̀pá fífà jáde, nínú èyí tí ẹni tí ń ṣe kọfí ń fa ọ̀pá kan tí ó ń ká sípíríìnì, tí sípíríìnì náà sì ń ti omi pẹ̀lú ìfúnpá tí ó tó bar 8 tàbí 9. Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ Faema gbé ẹ̀rọ E61 jáde, pọ́ǹpù oníná sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ènìyàn ń lò nínú ilé lónìí, bí irú Gaggia Classic tí ó jáde ní ọdún 1991, ń tọ ipa ọ̀nà kan náà, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni a ó sì máa tọ́ka sí jù nínú àlàyé yìí, nítorí pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ àlòkù ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà.

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, omi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti inú táǹkì oníke, ó ń gba inú họ́ọ̀sì rírọ̀ wọ inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù a sì tì í sínú bọ́ìlà, ìyẹn ìkòkò irin kékeré tí iná mànàmáná ń mú gbóná, kí omi tí yóò kan kọfí lè wà láàárín nǹkan bí dígírí 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti inú bọ́ìlà, omi a kọjá lára fáàfù oníná, èyí tí ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, tí ó sì ń dí i nígbà tí a bá pa á, kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí a ti ń fi asẹ́ ọlọ́wọ́ tí kọfí wà nínú rẹ̀ há.

Pọ́ǹpù inú ẹ̀rọ ilé jẹ́ ohun kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Wáyà tí a wé yí ọ̀pá oníhò kan ká ń di òòfà nígbà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, òòfà náà a sì fa irin kan tí ó wà nínú ọ̀pá náà, tí a ń pè ní písítìn, títí yóò fi ká sípíríìnì. Ohun kékeré kan tí kì í jẹ́ kí iná gba ju apá kan lọ ń mú kí òòfà náà sinmi nínú ìyípo iná kọ̀ọ̀kan, sípíríìnì a sì ti písítìn padà, kí ó lè ti omi síwájú. Ní ilẹ̀ tí iná rẹ̀ ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí i Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, písítìn náà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, èyí ni ó sì fà á tí pọ́ǹpù náà fi ń kùn. Irú pọ́ǹpù yìí lè ti omi dé bar 15, ṣùgbọ́n fáàfù ààbò tí ó wà lójú ọ̀nà ń dá èyí tí ó bá pọ̀ jù padà sínú táǹkì, kí ìfúnpá tí kọfí ń gbà má baà kọjá ààlà.

Bar 9 lè dàbí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ìṣirò ń fi agbára rẹ̀ hàn. Fífẹ̀ ojú asẹ́ ọlọ́wọ́ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 58, bí a bá sì fi bar 9 tẹ gbogbo ojú yìí, àpapọ̀ ipá tí ń tì í sísàlẹ̀ lé ní kìlógírámù 200, bí ẹni pé àgbàlagbà mẹ́ta jọ dúró lé e lórí. Irin pẹ̀lú irin kò lè pàdé kí wọ́n sì dí irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òrùka rọ́bà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì, sí ààrin wọn, kí rọ́bà náà lè fún mọ́ gbogbo àlàfo. Rọ́bà yìí ni ó ń kọ́kọ́ gbó. Ooru ojoojúmọ́ ń mú kí ó le, kí ó sì pàdánù agbára láti fẹ̀ padà, ẹ̀rọ tí a sì ti pa tì láìlò fún ọdún púpọ̀ lè jẹ́ kí rọ́bà inú rẹ̀ gbẹ títí yóò fi sán. Ẹ̀rọ àlòkù sábà máa ń ti la ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí kọjá, tàbí kí ó ti la méjèèjì.

Bí omi bá ń jò nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì rí iná rárá, ọ̀rọ̀ náà kò lè ju ti táǹkì tàbí họ́ọ̀sì tí ó so mọ́ ọn lọ, nítorí pé kò sí ìfúnpá kankan nínú ẹ̀rọ ní àkókò yẹn. Táǹkì lè ti là, òrùka rọ́bà ìdí rẹ̀ lè ti gbó, tàbí kí họ́ọ̀sì tí ó yẹ kí ó tẹ̀ wọ inú omi ti yọ síta. Títún irú èyí ṣe rọrùn, kò sì gba títú ẹ̀rọ palẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni omi ń jáde, a gbọ́dọ̀ wo gbogbo oríkèé tí ó wà láti pọ́ǹpù dé ẹnu ẹ̀rọ. Omi tí ń yọ yí etí asẹ́ ọlọ́wọ́ ká nígbà tí kọfí ń jáde ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jíjò, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ẹ̀rọ ni ó sì sábà máa ń fà á, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé kọfí lílọ̀ ni ó kún etí asẹ́ tí kò jẹ́ kí ó há dáadáa.

Jíjò tí kì í hàn àfi ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbóná ni ó gba ìṣọ́ra jù. Bọ́ìlà Gaggia Classic jẹ́ abala méjì tí a fi bóòtù mẹ́rin dè pọ̀ pẹ̀lú òrùka rọ́bà láàárín wọn, bí òrùka yìí bá sì ti le, omi lè máa sun láti ojú ìpàdé náà sórí wáyà àti ìdí iná tí ń mú bọ́ìlà gbóná. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè mú kí iná ilé já lójijì. Páìpù ooru omi, èyí tí a fi ń mú wàrà gbóná, náà lè máa kán lẹ́yìn tí a ti dí i, èyí sì ń fi hàn pé rọ́bà inú fáàfù rẹ̀ ti jẹ tàbí pé èérí ti jókòó sí ojú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo omi tí a bá rí ni jíjò. Nígbà tí a bá dá kọfí dúró, fáàfù oníná ń tú ìfúnpá tí ó ṣẹ́kù lórí kọfí sínú àwo ìgbomi tí ó wà nísàlẹ̀, èyí tí fáàfù ààbò ń dá padà sínú táǹkì sì jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀kán omi díẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí bọ́ìlà ń gbóná kì í sì í ṣe àrùn, nítorí pé omi ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń gbóná. Ohun tí ó yẹ kí ó fa àníyàn ni èyí tí kò dáwọ́ dúró.

Láti mọ orísun jíjò, a gbọ́dọ̀ yọ ẹ̀rọ kúrò lójú iná, kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí a tó ṣí ìdérí rẹ̀. Omi tí ó bá jò lókè lè tẹ̀lé wáyà títí dé apá kejì kí ó tó kán sílẹ̀, nítorí náà ibi tí ó kán sí kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó. Ẹ̀rí tí ó dájú ni àmì tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí ó gbẹ: èépá funfun ní etí oríkèé, tàbí àwọ̀ ewé lára idẹ àti bàbà. Lẹ́yìn tí a bá ti nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, a lè wé bébà ìnudọ̀tí funfun mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà sí wáyà àti ìdí iná, kí a dá ìdérí padà, kí a tan ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tún yọ ọ́ kúrò lójú iná kí a tó wo èyí tí ó rin.

Pípààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ẹ̀rọ kò nílò ju àwọn irinṣẹ́ ilé lọ. A ó tú àwo oníhò tí omi ń gbà rọ̀ sórí kọfí, a ó tú irin tí ó gbé e dúró, a ó sì yọ rọ́bà àtijọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá ti le ju kí ó jáde lọ, a lè wé síkúrù kékeré wọ inú rẹ̀ kí a sì fi fà á, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ha irin tí ó yí i ká. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ihò náà títí gbogbo ìdọ̀tí kọfí yóò fi tán, nítorí pé rọ́bà tuntun tí ó bá jókòó lé èérí yóò jò bí ti àtijọ́. Níní ìwọ̀n tí ó péye ṣe pàtàkì: gásíkẹ́ẹ̀tì Gaggia Classic nípọn ní mìlímítà 8.5. Bí ọ̀pá asẹ́ ọlọ́wọ́ bá ń yí kọjá ààrin gbùngbùn lọ sápá ọ̀tún kí ó tó há, rọ́bà ti tẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ tuntun yóò mú kí ó há kí ó tó dé ààrin.

Èépá inú bọ́ìlà tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Omi ìlú London, fún àpẹẹrẹ, kún fún kálísíọ́ọ̀mù tí ó ń di èépá funfun nígbà tí omi bá gbóná, ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní lẹ́búlẹ́bú sì lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n èépá lè ti dí ojú jíjò kan mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí náà kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí ó fọ ẹ̀rọ. Bọ́ìlà alumíníọ́ọ̀mù kò fẹ́ ásíìdì líle tàbí èyí tí ó pẹ́ nínú rẹ̀, ti idẹ sì máa ń gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jíjò kan wà tí rọ́bà kò lè wò sàn. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rọ tí omi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá tí kò ní ooru ní àkókò òtútù, omi náà lè dì, yìnyín sì ń gba àyè tí ó fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ju ti omi lọ; bọ́ìlà tàbí fáàfù lè tipa bẹ́ẹ̀ là. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di pípààrọ̀, nítorí pé lílẹ̀ ẹ pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù kò lè gba ìfúnpá àti ooru.

Ọ̀rọ̀ iná kan ẹni tí ó bá gba ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní tààrà. Volt 120 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ibẹ̀ fún, bí a bá sì so ó mọ́ iná volt 230 ti Nàìjíríà láìsí tiransífọ́mà tí ó tó, iná tí ń mú bọ́ìlà gbóná yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba agbára ìlọ́po mẹ́rin, yóò sì jóná. Wáyà ilẹ̀, tí ń gbé iná tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀, kò gbọdọ̀ di gígé lára ẹ̀rọ tí omi àti iná jọ ń gbé inú rẹ̀, bí iná ilé bá sì ń já léraléra, iṣẹ́ náà ti di ti onímọ̀ iná.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé rọ́bà ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú jíjò ẹ̀rọ espresso àlòkù, rọ́bà kò sì wọ́n. Bọ́ìlà tí ó ti là nìkan ni ó lè mú kí owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó san owó, kí ó ní kí ẹni tí ń tà á bu omi sí i, kí ó tàn án títí yóò fi gbóná, kí ó ti omi gba inú asẹ́ rẹ̀, kí ó sì tẹ́ bébà gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ wo ohun tí bébà náà yóò sọ.