Oníyèméjì kì í ṣe olóríkunkun

Nígbà àrùn Kòfíìdì, ọ̀rọ̀ Faransé kan gbilẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò: antivax. Ẹni tí ó ń bá abẹ́rẹ́ àjẹsára jà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àwa tí a kàwé Faransé, kò pẹ́ tí ó fi di orúkọ gbogbo ìyá tí kò bá gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́.

Mo bi àwọn ìyá tí ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa ní Tchaourou pé kí ni àwọn ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní: "Olóríkunkun." Ọ̀kan nínú wọn dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ní òun náà kò gbé àbíkẹ́yìn òun padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ara ọmọ náà gbóná ní òru ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gún un, kò sì sí ẹni tí ó ti sọ fún òun pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé olóríkunkun ni ìyá yìí? Rárá o. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu: oníyèméjì. Oníyèméjì kò tíì kọ̀. Ó ń retí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ẹlòmíràn ní kí á ṣì máa wò ó ná. Ọkọ ẹlòmíràn ni kò tíì gbà. Oko ẹlòmíràn ni ó jìn, kò kọ ohunkóhun.

Àwọn tí ó kọ̀ pátápátá wà. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ní Nàìjíríà dá oògùn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àrùn náà kọjá ẹnubodè, ó sì dé Benin níbí. Síbẹ̀, èébú kọ́ ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004.

Mo ṣàlàyé fún ìyá náà pé ara gbígbóná díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì: ara ọmọ ni ó ń kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn jà. Bí kò bá lọ, kí ó gbé ọmọ padà sí ilé ìwòsàn. Ó yọ ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú àpò, ó sì fúnra rẹ̀ ka ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ti padà lọ.