Àmì Kan, Iṣẹ́ Méjì

Nígbà tí báńkì bá ti ìlẹ̀kùn

Bí òṣìṣẹ́ báńkì bá relé tán, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò tíì sinmi. Iṣẹ́ kan ń kó gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde lọ́jọ́ náà jọ, òmíràn ń ṣírò èlé lé e lórí. Èkejì kò gbọdọ̀ ṣáájú èkíní. Aago nìkan ni cron, ètò àtijọ́ orí ẹ̀rọ Unix, mọ̀: bí ẹ bá ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò èlé ní aago 1 òru, aago 1 náà ni yóò bẹ̀rẹ̀, bí àkójọ owó kò tilẹ̀ tíì parí. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń lo irú ètò bíi Control-M, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan fi àmì sílẹ̀ de òmíràn.

Àrokò ni

Ẹni tó mọ àrokò ti mọ àmì yìí. Control-M ń pè é ní condition tẹ́lẹ̀, event ló ń pè é báyìí. Orúkọ àti ọjọ́ ló ní. Bí AKOPO, iṣẹ́ tó ń kó owó jọ, bá parí láìsí àṣìṣe, á gbé AKOPO-TO-ELE kalẹ̀. ELE, iṣẹ́ tó ń ṣírò èlé, á rí i, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bó bá sì parí, á gbé àmì náà kúrò nílẹ̀.

Ibi tí àdàkọ ti ń bani jẹ́

Ọ̀gá wá ní òun fẹ́ iṣẹ́ tuntun, IWE, tí yóò máa tẹ àkọsílẹ̀ owó oníbàárà. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfo? Òṣìṣẹ́ da ELE kọ, ó yí orúkọ padà, ó ní kó má bẹ̀rẹ̀ kí aago 2 tó lù, ó fi ìyókù sílẹ̀. IWE wá ń dúró de àrokò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ELE.

Lọ́jọ́ tí ELE bá fi iṣẹ́ falẹ̀ di aago 2 ààbọ̀, kò séwu: IWE á bá àmì nílẹ̀. Ọjọ́ tí ELE bá yára, tó parí ní aago 1 kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti gbé àmì lọ kí IWE tó dé. IWE á wá jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò kùnà, ó kàn ń dúró ni, nítorí náà kò sí ariwo àṣìṣe kankan. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe dáadáa gan-an ni nǹkan ń bàjẹ́!

Àmì tí àdàkọ ń gbé kalẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Bí ELE bá ń gbé àmì kalẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń fi èlé sínú àpò oníbàárà, IWE náà á máa gbé e kalẹ̀. Bí IWE bá kọ́kọ́ parí, owó á wọ àpò àwọn èèyàn kí ìṣirò tó tán. Ó sàn kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀ rárá ju kó bẹ̀rẹ̀ lórí irọ́.

Ọjọ́ ara àmì

Àwọn kan máa ń kọ STAT sí àyè ọjọ́, ìyẹn ni pé àmì náà kò ní ọjọ́ kan pàtó. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé e kúrò, àmì àná ni yóò jí iṣẹ́ òní.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ẹ jẹ́ kí AKOPO gbé àmì méjì kalẹ̀, AKOPO-TO-ELE àti AKOPO-TO-IWE, kí oníkálùkù máa gbé tirẹ̀ kúrò. Ọ̀nà mìíràn ni Airflow, ètò mìíràn tó ń darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbà láti ọdún 2022: tí iṣẹ́ kan bá ti sọ pé dátà ti dé, ètò náà á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tó ń retí rẹ̀, ẹnì kan kò lè jẹ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń lo Control-M ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí àdàkọ tó dé orí ẹ̀rọ gidi, ẹ wo àmì tó ń retí, èyí tó ń gbé kalẹ̀, àti èyí tó ń gbé kúrò. Ẹ̀kẹta yìí ni ojú sábà máa ń fò.