Ẹ Má Ṣe Ta Àgbò Tí Ó Dára Jù: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ẹṣin Eclipse

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti gbogbo Òkè-Ògùn, bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́ tòsí, àgbò tí ó tóbi jù nínú agbo ni a máa ń kọ́kọ́ fà lọ sí ọjà. Owó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èyí tí kò dàgbà tó, tí kò rí olùrà, ni ó ń ṣẹ́kù láti gun abo. Ìtàn ẹṣin kan yóò fi àdánù tí ó wà níbẹ̀ hàn yín.

Nígbà tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Duke ti Cumberland, kú ní 1765, wọ́n ta àwọn ẹṣin rẹ̀. Akọ ẹṣin kan, Marske, lọ ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé wọn kò kà á sí. Ọmọ rẹ̀ Eclipse, tí a bí ní 1764, bọ́ sọ́wọ́ William Wildman, oníṣòwò ẹran. Ní 1769 àti 1770, Eclipse sá eré-ìje 18, ẹṣin kankan kò sì borí rẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn ń wá Marske kiri, owó tí a ń san kí ó tó gun abo ẹṣin sì wọ́n gógó. Eclipse fúnra rẹ̀ fi eré sílẹ̀, ó ń gun abo títí ó fi kú ní 1789. Lónìí, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹṣin eré-ìje Thoroughbred ni ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ ní ìlà bàbá.

Ẹni bíni là á jọ. Abo kan kì í bí ju ọmọ díẹ̀ lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n àgbò kan ṣoṣo lè jẹ́ bàbá gbogbo ọmọ inú agbo.

Ẹ má sì rò pé akọ ńlá láti òkèèrè ni ó dára jù. Àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé fi ẹṣin jagun, ṣùgbọ́n láti àríwá ni wọ́n ti ń rà á, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níhìn-ín. Àrùn kan náà lè pa àgbò gíga ilẹ̀ Haúsá. Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa ni ó lè fara dà á.

Nítorí náà:

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àgbò tí ó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti bí ọmọ náà ti ń dàgbà sí.

2. Ẹ dá àgbò tí ọmọ rẹ̀ ń tètè dàgbà sí. Bí àwọn akọ yòókù bá ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ abo, kí ẹ sì bọ́ wọn sanra fún Iléyá.

3. Kí àgbò má ṣe gun ọmọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, ẹ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ àgbò tí ara rẹ̀ dá.

Ẹni tí ó ta àgbò rere lónìí ti ta àwọn ọmọ tí yóò bí lọ́la.