Ohun Tí Èkúté Mọ̀ Nípa Gígún Àtọ̀ Sínú Ẹyin

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ẹranko ló sábà máa ń ṣíwájú kí ó tó kan ènìyàn. Ní ti ICSI, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ gún ẹyọ àtọ̀ kan ṣoṣo sínú ẹyin, èkúté ló tẹ̀lé ènìyàn. Ọdún 1992 ni Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde oyún ènìyàn tí ó ti ọ̀nà yìí wá. Lóòótọ́, ehoro àti màlúù ti bímọ ṣáájú, ṣùgbọ́n èkúté, ẹranko tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù lọ, di ọdún 1995 kí àwọn olùṣèwádìí Kimura àti Yanagimachi tó rí i ṣe dáadáa ní Hawaii. Ẹyin rẹ̀ ló fa ìṣòro: bí abẹ́rẹ́ lásán bá wọ̀ ọ́, awọ rẹ̀ sábà máa ń ya, ẹyin a sì kú. Ẹ̀rọ piezo ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ó ń mú kí ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ̀n wìrìwìrì, kí ó lè lu awọ náà láì fà á ya, nǹkan bí ẹyin mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sì yè.

Ẹnìkan lè ní kí la tún ń fi èkúté wá nígbà tí ọmọ ènìyàn ti dáyé. Ẹ̀mí kúkúrú tí èkúté ní ni ìdáhùn. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń lò láyé, nítorí náà a lè tọpa rẹ̀ láti inú ọlẹ̀ títí dé ọjọ́ ogbó, nígbà tí àgbà jù nínú àwọn ọmọ ICSI ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní 1998, Wakayama àti Yanagimachi fi àtọ̀ tí wọ́n dì bí yìnyín, tí wọ́n sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ, mú kí èkúté bímọ. Àtọ̀ náà ti kú pátápátá, kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, síbẹ̀ DNA inú rẹ̀ ṣì pé. Ní 2008 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Sípéènì lo àtọ̀ tí DNA rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́. A bí àwọn ọmọ kan, wọ́n sì dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ni kókó inú ara àti ogbó àìtọ́jọ́ yọjú sí wọn. Bí wọ́n bá ti dá ìwádìí náà dúró lọ́jọ́ ìbí, gbogbo ayé ì bá ti sọ pé àṣeyọrí ni.

Àwọn tó tako fífi èkúté ṣe ẹ̀rí ní èkúté kì í ṣe ènìyàn, wọn kò sì parọ́. Lára ènìyàn, àtọ̀ ló ń gbé ohun tó ń darí pípín ẹyin wá. Ti èkúté wà nínú ẹyin, ìdí nìyí tí orí àtọ̀ nìkan fi tó fún un. Ìyàtọ̀ yìí kò kan DNA tó já. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ICSI ló ní ìlera, èyí náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìrísí àti ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣa àtọ̀, méjèèjì kò sì lè fi hàn bóyá DNA inú rẹ̀ pé. Kí tọkọtaya tó fẹ́ ṣe é bèèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣa àtọ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn sì máa tọpa àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi dàgbà.