Aṣọ Wo Ni Kí A Wọ̀ Sójú Omi?

Ẹ̀yin aya ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin abiyamọ, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nítorí èyí ni obìnrin tí ń lọ sí òde ṣe máa ń fara balẹ̀ wé gèlè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà òde náà bá gba orí omi kọjá, ẹ rántí pé omi kò mọ léèsì yàtọ̀ sí àǹkárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa obìnrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà gidigidi. Àárín òkè àti àpáta ni a bí wa sí; ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀wẹ̀. Síbẹ̀, ìgbéyàwó, òwò àti iṣẹ́ ọkọ a máa gbé wa dé Ìgbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tàbí dé etí ọ̀sà ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó bá omi lọ ní agbègbè Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀ ní òru, ọkọ̀ wọn sì kún ju bí ó ti yẹ lọ. Kì í ṣe aṣọ nìkan ni ó ń dá ewu sílẹ̀ lójú omi, ṣùgbọ́n aṣọ wà lára ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kí a tó kúrò nílé.

Ẹ yẹ ìró wò. Bí ó bá gbẹ, ó fúyẹ́. Bí ó bá rẹ, ó di ẹrù, a sì máa lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Gèlè lè bo ojú. Bàtà gogoro kò sì ṣeé wọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń mì. Àwọn tí ń dúró lórí pátákó gbọọrọ, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà á lójú omi fún eré, mọ èyí: aṣọ tí ó mọ́ra, tí ó sì tètè ń gbẹ, ni wọ́n ń wọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wọ bùbá tí kò fẹ̀ jù, pẹ̀lú ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì tí kò kọjá orúnkún. Ẹ di aṣọ ẹbí sínú ọ̀rá. Bí ìyá ọkọ kò bá fẹ́ràn ṣòkòtò lára aya, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sọ pé: “Ẹ má bínú, mà. Ìró mi wà nínú àpò. Bí a bá ti gúnlẹ̀, n ó ró o.”

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀wù amúniléfòó, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Òun ni kí ó wà lókè gbogbo aṣọ, kí ẹ sì di gbogbo okùn rẹ̀. Kí ẹnì kan di èjìká rẹ̀ mú, kí ó fà á sókè: bí ó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù. Ẹ má ṣe fi ti àgbà wọ ọmọdé, nítorí ọmọ lè yọ́ bọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí ó ní okùn tí ń gba agbede itan ni ó yẹ ọmọ kékeré.

Ẹ sọ ọmọ ẹ̀yìn kalẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀wù náà a máa dá ìyá dùbúlẹ̀ lójú omi, kí imú rẹ̀ lè wà lókè. Ọmọ tí ọ̀já dè mọ́ ọn lẹ́yìn yóò sì wà lábẹ́ omi. Ẹ wọ ẹ̀wù tirẹ̀ fún un, kí ẹ gbé e síwájú.

Bí ọlọ́kọ̀ kò bá sì ní ẹ̀wù yìí, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kí a pẹ́ dé òde sàn ju kí a má dé ilé mọ́.