Ibi Tí Wọ́n Bí Mi Sí

A lọ ya fọ́tò páálí ọmọ mi ní Sunridge ló bá bi mí pé, "Dádì, ṣé ọmọ Ìlú Ọba ni yín?"

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, ní 1987. Àmọ́ láti January 1, 1983, bí òbí méjèèjì bá jẹ́ àlejò tí ò ní ìwé ìgbé gbére, ọmọ wọn kì í di ọmọ Ìlú Ọba torí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Akẹ́kọ̀ọ́ làwọn òbí mi. Kemi Badenoch, tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní 2024, 1980 ni wọ́n bí i ní Wimbledon. Òun rí i gbà. Ọdún mẹ́ta péré, ẹ gbà mí o! Ká ní mo tiẹ̀ gbébẹ̀ pé ọdún 10, ǹ bá lè forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tá a kúrò.

Calgary níbí ni wọ́n bí ọmọ tèmi. Ọjọ́ náà gan-an ló di ọmọ Kánádà.

"Rárá o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí."

"Èmi náà ńkọ́?"

Wọ́n ti ń pè é síwájú kámẹ́rà.