Omi kànga oko: Mímọ́ ojú kọ́ ni mímọ́ inú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Àmọ́ omi tí kò lọ́tàá yìí lè gbé ọ̀tá pamọ́ sínú, kí ẹni tó ń mu ún má sì mọ̀.

Lóko, kànga kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbọ́ bùkátà gbogbo. Òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun ni adìyẹ àti ewúrẹ́ ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń po oògùn apakoríko. Bí omi náà bá ti mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò sì korò lẹ́nu, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí kòkòrò àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kì í mọ gbogbo májèlé.

Lọ́dún 1945, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Hunter Comly, kọ nípa àwọn ọmọ ọwọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Iowa tí ara wọn ń dà bí aró. Omi kànga oko ni wọ́n fi ń po mílíìkì fún wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ omi náà wò, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní náítíréètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran, ajílẹ̀ àti ṣáláńgá ló sábà máa ń ti èròjà yìí wọnú ilẹ̀. Bó bá wọ ara ọmọ ìkókó, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kànga tó jìn kò lè láìsàn nínú. Láti àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù púpọ̀ ní Bangladesh kí àwọn èèyàn lè fi omi adágún tó ń kó àrùn ìgbẹ́ gbuuru bá wọn sílẹ̀. Lọ́dún 1993 ni wọ́n rí i pé májèlé ásẹ́níìkì wà nínú omi ọ̀pọ̀ lára àwọn kànga náà. Inú ilẹ̀ gan-an ló ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n kun ẹnu kànga tí kò dára ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì kun èyí tó dára ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewu tó wọ́pọ̀ jù ni ìdọ̀tí tó ń ti òkè wọlé. Kànga tí kò jìn, tí ẹnu rẹ̀ kò ga, tí kò ní ìdérí, tí okùn ìfami rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀, kò lè yọ nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a gbé ìgbẹ́ wọ inú rẹ̀. Onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù kò jìnnà sírú omi bẹ́ẹ̀. Lágbègbè olókùúta bí Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, omi ìdọ̀tí lè gba ojú sísán àpáta kọjá kíákíá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kó má sì wà ní òkè rẹ̀.

Iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ àti láàbù àwọn yunifásítì ló yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni kó gbà lọ́dọ̀ wọn. Kó fọ ọwọ́, kó má fọwọ́ kan ẹnu ìgò, kó gbé e sínú kúlà oní-yìnyín, kó sì mú un dé láàbù láàárín wákàtí mẹ́fà. Kó ní kí wọ́n wo E. coli, tí kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100, kí wọ́n sì wo náítíréètì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló yẹ ó kéré tán, pàápàá nígbà òjò, àti nígbàkigbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí aboyún bá wà nílé. Bí owó rẹ̀ bá wúwo, àwọn tó jọ ń pọn kànga kan lè dáwó jọ.

Bó bá jẹ́ kòkòrò ni wọ́n rí, kí wọ́n fi kúlórínì fọ kànga, kí wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ ga, kí wọ́n sì máa se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa. Álọ́ọ̀mù a máa mú omi mọ́ lójú, kì í ṣe pé ó pa kòkòrò inú rẹ̀ tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ náítíréètì ni, kí wọ́n má se é rárá nítorí ọmọ ọwọ́: bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni èròjà náà ń le sí i. Omi ibòmíràn ni kí wọ́n wá fún ọmọ náà, kí wọ́n sì kó ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀ jìnnà sí kànga.

Ìwé èsì àyẹ̀wò kì í ṣe ohun à ń sọnù. Bí ti ọdún yìí bá wà nílé, yóò rọrùn láti fi wé ti ọdún tó ń bọ̀, kí onílé lè tètè mọ̀ bí omi rẹ̀ bá ti ń yí padà.